Àǹtí Ẹlẹ́gùn-ún àti Lẹ́tà Dúdú Rẹ̀

Ẹ̀gún ò sí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ara lẹ́tà tó ń kọ ni ẹ̀gún wà, ibẹ̀ làwọn èèyàn sì ti mú orúkọ tí wọ́n fi ń pè é, Àǹtí Ẹlẹ́gùn-ún. Tó bá jẹ́ ẹnu ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fúnni nírú orúkọ yẹn, èmi àbúrò rẹ̀ ni wọn ì bá fún, nítorí èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Aṣọ ni mò ń rán. Yàrá iwájú nínú ilé tí àwa méjèèjì jọ ń gbé ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, gbogbo ẹni tó bá sì ti wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi ló mọ̀ pé tóun bá sọ ìsọkúsọ, òun á gbọ́ èsì rẹ̀ kí n tó fa téèpù kúrò ní ìbàdí òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ kó máa bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sí.

Iṣẹ́ lẹ́tà ló ń ṣe. Mi ò sọ lẹ́tà tí à ń fi ránṣẹ́ sí ará ilé o, a, b, d tí wọ́n fi ń kọ orúkọ sára nǹkan ni mò ń sọ. Oríṣi kan ṣoṣo ló sì ń kọ. Ẹ ti rí i rí, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Òun ló máa ń wà lókè ìwé ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín gàdàgbà. Ẹ máa ń rí i lókè ìwé ìròyìn àtijọ́, lára òkúta ibojì, àti lójú ìwé ìpè ìgbéyàwó àwọn tó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn wúwo. Àwọn oníbàárà ń pè é ní lẹ́tà sàtífíkéètì. Ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà dúdú ni wọ́n ń pè é, nítorí tí ẹ bá fi kọ ìlà kan tán, dúdú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo funfun ìwé náà.

Gègé ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ ó dá ẹnu gègé náà dúbùú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà títí ọ̀rọ̀ á fi parí, ẹ ò gbọdọ̀ yí i. Tí ọwọ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìlà á ki. Tó bá gba ẹ̀gbẹ́ lọ, á tín-ín-rín bí irun. Kò sí ibi tó ti rí roboto. Níbi tí lẹ́tà mìíràn ti ń tẹ̀, ṣe ni èyí ń ṣẹ́ kán. Orí ìlà kọ̀ọ̀kan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní igun ṣóńṣó ṣóńṣó, àwọn lẹ́tà ńlá sì tún ní ìlà méjì méjì nínú, pẹ̀lú ẹ̀gún lẹ́yìn.

"Dúdú ò nira," ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí. "Funfun tó wà láàárín ni mò ń wò." Tí funfun bá fẹ̀ ju dúdú lọ, ọ̀rọ̀ á já, tó bá kéré jù, á dì pọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn yé èmi aránṣọ dáadáa, nítorí ibi tí a ò rán ló ń jẹ́ kí aṣọ gba èèyàn.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà tí wọn kì í rú. Lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo ló máa ń wà níwájú, àwọn kékeré ló máa tẹ̀lé e. Ẹ ò gbọdọ̀ to lẹ́tà ńlá pọ̀ kí ẹ fi kọ odindi orúkọ. Ẹni tó bá wọ kóòtù ńlá tó sì gbé ẹrù léjìká, ẹ jẹ́ kó dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Tí ẹ bá to irú wọn mẹ́fà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí ojú ẹnì kankan nínú wọn mọ́. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ gígùn náà. Ẹ fi kọ orúkọ, ẹ fi kọ àkọlé, kí lẹ́tà pẹ̀lẹ́bẹ̀, èyí tí ìwé lásán máa ń ní, máa bá ìyókù lọ.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ti di olóògbé ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ gbogbo èyí. Àwọn méjì ni wọ́n jọ kọ́ ọ, òun àti ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Tàdáwà, nítorí àtìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí ìka rẹ̀ rí kí tàdáwà má wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi gba gègé. Ti Tàdáwà ò gbà á. Tó bá kọ lẹ́tà dúdú, ṣe ló máa ń dà bí ọgbà tí ewúrẹ́ wó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọ̀gá wọn rí i bẹ́ẹ̀, ó sì fi oníkálukú sídìí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀gá yẹn ní àṣà kan. Iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ jáde kí ẹnìkejì tó kà á láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó kọ ọ́ á gbé e dúró sórí tábìlì, ẹnìkejì á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á kà á sókè. Tó bá ṣiyèméjì lórí rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, wọ́n á fà á ya, kódà bí lẹ́tà náà bá rẹwà bí ojú ọmọ tuntun. Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹwà tí kò ṣeé kà, ẹ̀tàn ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan, tábìlì ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀rọ Tàdáwà lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì ń bá àṣà náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á kọ àkọlé, Tàdáwà á lọ sẹ́nu ọ̀nà, á kà á, á sì wá fi ẹ̀rọ tẹ ìyókù.

Ilé wa ni Tàdáwà ti ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, òun ló dúró tì wá bí ọmọ ìyá. Bọ̀ọ̀dá Tàdáwà ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò pè é ní nǹkan kan ju Tàdáwà lọ, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Èmi tí mo máa ń fura sí ẹni tó bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, mo fọkàn tán ọkùnrin yìí. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò sì mọ̀ pé abọ́ tiwa ló ti ń jẹun.

Ní ọdún kan, ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n mi. Tàdáwà wá sílé pẹ̀lú ìdì káàdì funfun kan, èyí tó nípọn dáadáa, ó sì jókòó tì í.

"Ọwọ́ ń darúgbó," ó wí. "Jẹ́ ká tọ́jú tìẹ kó tó rẹ̀ ẹ́. Kọ gbogbo lẹ́tà náà sílẹ̀ fún mi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ńlá àti kékeré, nọ́ńbà náà. Kọ wọ́n ní ńlá. Àwọn tó máa kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn wa, kí ni wọ́n máa wò?"

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún ayọ̀. Ó ní òun ti ń rò ó pé tóun bá kú, gbogbo rẹ̀ á bá òun lọ ni. Mo rán ìdè aṣọ kan fún un tó ń fi so ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ lẹ́tà kan tàbí méjì láàárọ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé dáadáa láti ojú fèrèsé. Tàdáwà á wá kó èyí tó bá ti gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí lẹ́tà méjì tó jọra bá ara wọn dọ́gba tí wọ́n bá wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Á mú ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ tàbí kó gé ẹ̀gún rẹ̀ kúrú. Ó fẹ́ kọ oríṣi mélòó kan sílẹ̀ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Tàdáwà ní rárá, ọ̀kan tó dára jù ni kó fún òun. Lọ́jọ́ tó ń kọ R ńlá, iṣan ọwọ́ rẹ̀ fà, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀ sísàlẹ̀. Ó ní kóun tún un kọ. Tàdáwà ní, "Fi í sílẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Tàdáwà ra kọ̀ǹpútà, tó sì gba ṣọ́ọ̀bù tó tóbi ní òdìkejì títì. Ó ní ààyè ò gba àwọn mọ́, kí ọwọ́ dúró níbí, kí ẹ̀rọ lọ sọ́hùn-ún. Ó ṣì ń wá jẹun, ṣùgbọ́n kò wá bí i tàtẹ̀yìnwá mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ń dín kù. Tí mo bá bi í, á ní ayé ló ń yí padà, kò sẹ́ni tó fẹ́ lẹ́tà dúdú mọ́. Mo gbà á gbọ́. Kí ni mo mọ̀ ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ?

Lọ́jọ́ kan, opó kan wá bá wa nílé. Mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ lọ́wọ́. Kò kí wa tán tó fi yọ fóònù rẹ̀, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi ka ohun tó wà níbí."

Àwòrán òkúta ibojì ni. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. Èmi náà dìde wá wò ó. Ohun tí mo rí ò ju ẹ̀gún lórí ẹ̀gún lọ. Wọ́n ti kó lẹ́tà ńlá jọ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí kékeré kankan láàárín wọn.

"Ẹ ò lè kà á," opó náà wí. "Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ ò lè kà á. Orúkọ ọkọ mi nìyẹn. Àwọn ọmọ mi dúró síwájú ibojì bàbá wọn, wọn ò lè ka orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá àjèjì ni mo fẹ́."

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, mà," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ sàtífíkéètì ọkọ mi, ó wà lára ògiri wa títí dòní, mo máa ń nù ún. Torí rẹ̀ ni mo ṣe sọ fún ẹni tó gbẹ́ òkúta pé irú lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́. Ọwọ́ yín nìyí. Ṣé ẹ máa sọ pé ọwọ́ yín kọ́ ni?"

"Ọwọ́ mi ni," ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́jẹ́.

"Kí wá lẹ ń sọ? Ṣé ọwọ́ yín máa ń jáde lọ ṣiṣẹ́ láìmú yín dání ni?"

Nígbà mìíràn, ǹ bá ti dá opó náà lóhùn kó tó mí. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wò. Ó ti fi ìka fẹ àwòrán náà, ó ń wo R méjì tó wà nínú orúkọ olóògbé. Ẹ̀gún ẹ̀yìn àwọn méjèèjì wọ́ sísàlẹ̀ bákan náà, ní ibì kan náà. R ọjọ́ tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ fà ni. Ó bẹ opó náà tọkàntọkàn, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀, ó sì béèrè ibi tí ẹni tó gbẹ́ òkúta náà wà.

A lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin onísùúrù ni, eruku òkúta kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún wa.

"Lẹ́tà yìí? Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. Gbogbo ayé ló ń lò ó. Ẹ tẹ ohun tó wù yín, òun fúnra rẹ̀ á kọ ọ́."

Ó tẹ nǹkan díẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi ń jáde lójú kọ̀ǹpútà ní kíákíá, láìsí gègé, láìsí ọrùn ọwọ́ tó ń dunni. Ọkùnrin náà fi orúkọ lẹ́tà náà hàn wá, nítorí àwọn lẹ́tà kọ̀ǹpútà máa ń ní orúkọ. Orúkọ àkọ́bí Tàdáwà ni, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n títí tó fi rìn. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ta ló ya lẹ́tà náà, orúkọ Tàdáwà ló wà níbẹ̀ lódindi.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, ojú wa wá là. Lẹ́tà náà wà lára gíláàsì onígbàjámọ̀. Ó wà lára ìgò ọtí nínú fèrèsé ilé ìtajà, àti lẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan tó gun alùpùpù kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú wa tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fín in sí lọ́rùn, lẹ́tà ńlá nìkan látòkè délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Orúkọ ìyá mi ni, mà," ọmọ náà wí, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ìyá ẹ á pẹ́ láyé," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. Ó wá sọ fún mi nígbà tó yá pé òun ò rí lẹ́tà kan kà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bá Tàdáwà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to èébú sílẹ̀ lọ́kàn. Tàdáwà rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé àga fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó. Ó fi àwòrán òkúta náà hàn án.

"Tàdáwà, ta ló ka èyí láti ẹnu ọ̀nà?"

Ìbéèrè tó bi í kò ju ìyẹn lọ. Tàdáwà wo àwòrán náà. Kò sẹ́ o. Ǹ bá fẹ́ kó sẹ́, nítorí ẹni tó bá ń sẹ́ ṣì ń tijú.

"Ayé ò dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́," ó wí. "Ẹni tó bá ra lẹ́tà, bó ṣe wù ú ló máa lò ó. Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà ńlá nìkan?"

"O sọ fún mi pé àwọn tó máa kọ́ iṣẹ́ ni."

"Wọ́n ń kọ́ ọ náà. Gbogbo ayé ló ń kọ́ ọ báyìí. Ká ní mi ò ṣe é, inú àpótí ni ọwọ́ rẹ ì bá kú sí." Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bóun ṣe nu etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, bóun ṣe wọn àyè àárín wọn, bí ojú ṣe ń dun òun. "Ìwọ lo kọ ọ́, mo gbà. Èmi ni mo ṣe é. O ò lè mọ iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹnì kan. Èmi ni mo wà níbẹ̀." Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Mo fẹ́ sọ fún ẹ. Ó kàn ń di ọ̀la, di ọ̀la ni."

Mo sọ fún un pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Mo sọ ohun mìíràn náà tí mi ò ní kọ síbí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ẹnu mi ò yí padà láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ́wọ́ pé kí á máa lọ. Lójú ọ̀nà, mo ní kó jẹ́ ká pe lọ́yà. Ó ní kí lòun máa sọ fún lọ́yà, òun lòun kó káàdì náà lé e lọ́wọ́, òun tún sunkún ayọ̀ lé e. Ó dùn mí ju bó ṣe dùn ún lọ, tàbí kí n sọ pé tèmi ló ń hàn síta.

Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá rí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Á à, lẹ́tà kọ̀ǹpútà yẹn nìyí." Ẹnì kan yìn ín pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó kọ. Mo fẹ́ lé onítọ̀hún pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó gbé ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan wà tó ní pátákó ńlá lára ògiri gbọ̀ngán rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti ṣe ọ̀gá níbẹ̀ sí, pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Ọ̀gá tó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ ló kọ àwọn ti òkè, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ìyókù títí pátákó náà fi kún. Wọ́n fẹ́ gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sì ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí iṣẹ́ náà bọ́ sí òun lọ́wọ́, kí ọwọ́ tó ti ń kọ ọ́ bọ̀ bá a lọ. Ọ̀gábìnrin ilé ẹ̀kọ́ náà wá fúnra rẹ̀. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n mi ni àwọn fẹ́, ti ọwọ́, àwọn ò fẹ́ ti ẹ̀rọ.

Ẹ ò rí bí inú ẹ̀gbọ́n mi ṣe dùn tó. Ó ń kọrin káàkiri ilé. Ó kọ orúkọ kan sórí pákó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, èmi ni mo sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mo kà á. Mo kà á geerege. Lẹ́tà kékeré tó tẹ̀lé ti iwájú tò bí ọmọ ilé ìwé tó mọ́ra, funfun àárín wọn ò fẹ̀ jura lọ. A gbé e lọ fún wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀gábìnrin náà padà wá. Ojú ń tì í.

"Mà, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ni. Èmi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́yà ilé ẹ̀kọ́ wa ní lẹ́tà yìí ní ẹni tó ni ín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti pè wá lẹ́jọ́ rí nítorí àwòrán kan, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní tí ẹ bá lè gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, pé ó gbà kí ẹ lò ó, ó tán."

Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè sí mi, mo jókòó. Ó bi ọ̀gábìnrin náà bóyá lẹ́tà pẹ̀lẹ́bẹ̀ kò ní ṣe é. Ìyẹn ní àwọn orúkọ tó wà lórí pátákó àkọ́kọ́ ńkọ́, kò ní bá wọn mu. Òótọ́ ni, kò ní bá wọn mu, ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ ò wọlé sí i. Mo ní kó jẹ́ kí pátákó wọn ṣófo títí ayé. Ó ní, "Àwọn orúkọ yẹn ò ṣẹ̀ mí. Ó ṣe tán, ìwé lásán ni." Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó sì lọ bẹ Tàdáwà pé kó fún òun láyè láti kọ lẹ́tà òun. Èmi náà tẹ̀lé e, mo ti búra fún un pé mi ò ní la ẹnu.

Inú Tàdáwà dùn gan-an. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ ẹ̀bẹ̀, ó gbà pé ìjà ti parí.

"Ìwọ náà?" ó wí. "Ṣé èmi ni mo máa dí ẹ lọ́wọ́? Ọ̀rẹ́ mi, kódà o ò bá ti ránṣẹ́ ni." Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka méjì, ó ń bi wá léèrè ara ilé. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fọkàn balẹ̀, òun á ṣe é kó rẹwà, kí àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ẹ̀rọ gbé ìwé náà jáde. Ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

Lẹ́tà dúdú ló fi kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Èmi náà rí i. R tó wọ́ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ìwé náà wí ni pé òun Tàdáwà, tó ni lẹ́tà yìí, fún obìnrin yìí láyè láti lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló fi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọwọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ọpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí lẹ́tà yẹn kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ gígùn. Ó ká ìwé náà, ó gbé e sórí tábìlì níwájú Tàdáwà, ó rọra ti etí rẹ̀ kó bá etí tábìlì dọ́gba.

"Ẹ ṣé, sà," ó wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Tàdáwà. Ó pè é, ó tún pè é, a ti wà lójú títì.

Nígbà tí ọ̀gábìnrin ilé ẹ̀kọ́ náà wá béèrè èsì, ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi ká ìṣẹ́tí aṣọ kan lọ́wọ́. Gègé àti tàdáwà rẹ̀ ò sí lórí tábìlì mọ́, èmi ò sì béèrè ibi tó kó wọn sí. Ó fi ìjókòó lọ obìnrin náà, ó ní kó má bínú pé ó ń rìn wá.

"Wọ́n ṣì yín júwe ni, mà," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò mọ lẹ́tà yẹn kọ."